Ẹ̀gbẹ́ Tó Kọjú sí Ògiri

1.

…nítorí náà, ọrọ́ tiyín kò jẹrà. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọ̀, omi ló bà á jẹ́. Bí ó bá le bíi pátákó, tó sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, oòrùn ló jó o. Ìka kì í parọ́.

(Hermelinda ló kọ èyí fún oníbàárà kan lóṣù kìn-ín-ní. Òun ló ni ọgbà ọrọ́ tó wà ní òkè ìlú Cadereyta. Ogójì ọdún ló ti fi ń wo ara ọrọ́ inú ìkòkò fún tolórí tẹlẹ́mù. Èmi tí mò ń kó àwọn ìwé yìí jọ, Nicanor ni mí, aládùúgbò rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín.)


2.

Ohun tó wà ní àgbàlá Hermelinda:

— Àga mẹ́fà.
— Ògiri, ní ìhà àríwá.
— Ọrọ́ kan níwájú ògiri, nínú ìkòkò amọ̀ ńlá. Bisinága là ń pè é níbí. Crispín, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló gbin kóró rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí Abundio ọmọ wọn. Ọdún méjìdínlógójì. Kò tíì ga ju orúnkún lọ.
— Àpá yìnyín lára ọrọ́ náà, ní ìhà gúúsù, níbi tí ojú àlejò máa ń bà lé.
— Òwú pupa kan lórí ẹ̀gún, ní ìhà àríwá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í rí.

Gbogbo àwa tí à ń ṣe ọrọ́ la máa ń so òwú yẹn. Ó ń sọ ẹ̀gbẹ́ tó ti kẹ́yìn sí oòrùn látọjọ́ tó ti dáyé. Awọ ẹ̀gbẹ́ yẹn ò mọ oòrùn rí. Bí a bá gbé ọrọ́ kúrò níbì kan, tí a sì gbé e kalẹ̀ níbòmíì, òwú gbọ́dọ̀ padà sí àríwá.


4.

Ẹ má wá ẹ̀kẹta. Ọwọ́ mi ló wà. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.


5.

Orí fóònù. Ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní ILÉ WA. Ènìyàn mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

HERMELINDA: Ẹ wo ara ọrọ́ bàbá yín.
[Àwòrán: ojú ibi tó ti funfun, etí rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú. Ẹ̀gbẹ́ kan.]
ABUNDIO: Kí ló ṣe é, Màmá?
HERMELINDA: Ó ń jẹrà. Omi ti pọ̀ jù fún un.
ABUNDIO: Ta ló ń bomi rin ín?
HERMELINDA: Mi ò dárúkọ ẹnì kankan.

Ẹnì kẹta ni Yadira, ìyàwó Abundio. Òun ló ń bomi rin ín. Ó ka gbogbo rẹ̀.


6.

Hermelinda kò tíì fìka tẹ ọrọ́ náà nígbà tó kọ ìyẹn.


7.

Irọ́ ni mo pa. Ó ti tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.


8.

Ọjọ́ Àìkú, oúnjẹ ọ̀sán. Bí mo ṣe gbọ́ ọ láti orí ògiri nìyí. Eduviges tó wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Hermelinda ni. Òun náà ní ọgbà ọrọ́, àwọn méjèèjì sì ti ń fojú wọn ara wọn láti ìgbà ọmọge.

EDUVIGES: Ọrọ́ Crispín kọ́ nìyí? Ó mà ṣe o.
HERMELINDA: Bí a bá gbéṣẹ́ lé ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ńkọ́?
YADIRA: Màámi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń bomi rin ín. Bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe é náà ni.
HERMELINDA: Ṣé mo pe orúkọ ẹ ni? Ojú ló ń tì ẹ́ lo fi ń dáhùn.
EDUVIGES: Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Àwọn ará Tequisquiapan tó ti wá, ìlú omi gbígbóná, ìwẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Kí ló kàn wọ́n kan ọrọ́?
ABUNDIO: (Ó ń ká tòtíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.)
YADIRA: Màámi, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀…
HERMELINDA: Mo mọ kí ni?
YADIRA: Kò sí, mà. Ẹ máa jẹun.


9.

Ohun tí Yadira fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó padà sílé ìyá rẹ̀:

— bàtà ọgbà, ó ti fọ̀ ọ́
— kẹ́tùlù omi
— pátákó tó gbé kọ́ sára ògiri, tó máa ń kọ ọjọ́ omi sí


10.

ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ (Hermelinda ló kọ ọ́)

Oníbàárà: èmi
Ibi tó kàn: ẹ̀gbẹ́ kan
Ó rọ̀ àbí ó le: ó le
Ó ń rùn: rárá
Kòkòrò: kò sí
Ohun tó ṣe é: omi (ó fagi lé e) omi (ó fagi lé e) omi (ó fagi lé e)


11.

Ojú ń ti Hermelinda. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò lórúkọ mìíràn. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ń gbà jáde báyìí, kó má baà gba àgbàlá kọjá. Oníbàárà kan gbé ọrọ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi wò ó, ojú yín ni gbogbo wa gbára lé.” Hermelinda ní ojú ń dun òun. Oníbàárà gbé ọrọ́ rẹ̀ padà.

Abundio ń pe ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀. Yadira ń gbé e. Ohun kan náà ló ń sọ fún un: “Mi ò bá Màámi jà. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sílé tí wọ́n ti ń pè mí ní ẹni tó pa ọrọ́ bàbá ẹ.”

Abundio ní òun máa gé orí ọrọ́ náà lọ́jọ́ Sátidé, kí jíjẹrà má baà dé ọkàn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn bí ọrọ́ bá ń jẹrà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ọrọ́ tí kò jẹrà, wọ́n ti pa á lásán.


12.

Pátákó Yadira. Láti oṣù kejì ló ti wà lára ògiri, gbangba.

2/2 — àlejò. Mi ò bomi.
3/2 — òwú pupa ti bọ́ síwájú. Mo bi Màámi bóyá kí n yí ìkòkò padà. Wọ́n ní ta ni mo jẹ́ tí màá kọ́ àwọn lọ́rọ̀ ọrọ́, kí n má fọwọ́ kàn án. Mi ò fọwọ́ kàn án.
15/2 — omi, ife méjì.
15/3 — omi, ife méjì.

Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Hermelinda ka pátákó yìí lọ́jọ́ Ẹtì. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé e lé itan bí ọmọ, kó tó gbé e kọ́ padà.


3.

Ó dáa.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí a gé búrẹ́dì ọdún, inú abala Hermelinda ni ọmọlangidi kékeré tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sínú búrẹ́dì náà wà. Ẹ mọ òfin rẹ̀: ẹni tó bá rí ọmọlangidi ló máa gbàlejò lọ́jọ́ kejì oṣù kejì, támálè rẹ̀, àgbàdo tí a sè sínú ewé, ni gbogbo wa máa jẹ. Eduviges á sì wá. Eduviges tí ọrọ́ tirẹ̀ ò ní àpá kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì oṣù kejì náà, Hermelinda yọrí lókè ògiri.

HERMELINDA: Nicanor, ẹ bá mi yí ìkòkò yìí. Kí àpá yìnyín yẹn kọjú sí ògiri.
NICANOR: Òwú ńkọ́? Oòrùn ṣì ń ti gúúsù wá.
HERMELINDA: Ọjọ́ kan péré ni. A máa yí i padà lọ́la.

Nígbà tí Eduviges dé, ó rí òwú pupa. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ òwú, ó bi í bóyá ààbò lọ́wọ́ ojú burúkú ni. Hermelinda ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọwọ́ Hermelinda nìkan kò lè yí ìkòkò yẹn. Ọwọ́ mẹ́rin ló yí i. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú láti orí ògiri, ọwọ́ méjì nínú mẹ́rin sì wà lára mi.


13.

Sátidé, aago mẹ́wàá. Abundio ti fi ọtí nu ọ̀bẹ. Eduviges jókòó, ó gbé imí-ọjọ́ tí wọ́n máa bù sójú ibi tí wọ́n bá gé dání. Èmi wà lórí ògiri.

ABUNDIO: Màmá, ibí yìí le.
HERMELINDA: (Ó ń wo òwú.)
ABUNDIO: Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tó ń jẹrà kì í le. Ṣé kí n gé e?
HERMELINDA: Sọ ọ̀bẹ kalẹ̀.
EDUVIGES: Ẹ̀n? Ṣé kì í ṣe omi mọ́ ni?
HERMELINDA: Abundio, yí ìkòkò padà. Òwú sí ògiri.

Ìkòkò wúwo. Ó ń ha ilẹ̀. Abundio yí i dé ìdajì, ó dúró mí. Ibi tó dúró sí yẹn, àpá yìnyín wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ibi tó jó wà lọ́wọ́ òsì. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara láéláé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wo pátákó ìyàwó rẹ̀ lára ògiri. Ó kà á. Ó pẹ́ kó tó kà á tán.

ABUNDIO: Màmá, ta ló yí i?
HERMELINDA: (Ó gbójú sókè wò mí lórí ògiri.)
NICANOR: