Irun Damson

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Avril Bowness, ẹ kàn pe Damson, póní rẹ̀, ní ẹṣin ọmọdé. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Yóò sọ fún yín níbi tí ẹ dúró sí pé irú póní yìí ni àwọn baba ńlá òun fi ru òjé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, òun ni wọ́n fi da àgùntàn, òun ni wọ́n gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, àti pé kò sí ọmọdé kankan nínú wọn. Lóòótọ́ ni póní orí òkè wa níhìn-ín kò ga. Ó dúdú, ó ki pọ́pọ́, gọ̀gọ̀ rẹ̀ bò ó lọ́rùn, irun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bo pátákò mọ́lẹ̀. Àgbà ló ń gùn ún, àgbà ló ń fi í díje, àgbà náà ló sì ń sunkún tó bá pàdánù. Mo ti rí olóko kan tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ tó ń fi fìlà nu ojú nítorí rìbọ́nì ìdíje lásán.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣe sí póní yìí tí ẹ bá máa mú un lọ síbi ìdíje: ẹ kò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kan irun rẹ̀. Bó ṣe hù náà ni adájọ́ fẹ́ rí i, látorí gọ̀gọ̀ dé irun abẹ́ àgbọ̀n. Kò sì sí ẹni tó le lórí òfin yìí tó Avril. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó fẹjọ́ Sheila Udale tí wọ́n jọ ń díje sùn nítorí irun àgbọ̀n póní tó gé, tí kò ju ẹ̀kún ìka méjì lọ, wọ́n sì ní kí Sheila fa póní rẹ̀ jáde lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Avril ní Ìyá Olófin.

Gbogbo agbègbè ló mọ òfin yìí, àfi Desmond, ọkọ Avril. Ta ni ì bá sì sọ fún un? Onígbàjámọ̀ ni Desmond, ọdún kọkànlélógójì rẹ̀ rèé tó ti ń gẹrun láàárín ìlú. Wọn ò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ra, lẹ́yìn tí kálukú ti dá gbé títí. Sátidé ni ọjọ́ ìdíje póní, Sátidé kan náà sì ni èrò ń wọ́ tìrítìrí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nítorí náà kò tíì dé ibi ìdíje kankan rí. Nírọ̀lẹ́, tí Avril àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ gàárì àti ìjánu, yóò kàn máa mi orí, yóò máa bù tíì fún wọn. Kò sọ ọ́ síta rí, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó máa ń ṣe é bíi pé àlejò lòun nínú ìdajì ilé ara òun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, Avril wà nílé ìwòsàn nítorí ìbàdí rẹ̀. Eegun ibẹ̀ ti gbó tán, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọjọ́ kejì ni ìdíje tó tóbi jù lọ́dún, èyí tí Avril ti gbé ipò kejì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìgba rìbọ́nì pupa rí, rìbọ́nì ẹni tó gbégbá orókè. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ó pe Desmond.

"Wọn ò tíì dá mi sílẹ̀ níbí o."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì òní ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Mo bi dókítà pé ṣé màá tún lè gun ẹṣin lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ká ṣì máa wò ó ná. Desmond, ó lè jẹ́ pé tọ̀la yìí ló kù. Jọ̀ọ́, bá mi tún irun Damson ṣe kí n tó dé. Ó ti lọ yíra nínú ẹ̀gún. Mo fẹ́ kó dára."

"Fi lé mi lọ́wọ́," ni Desmond wí.

Bá mi tún irun ṣe! Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Fún ọdún mọ́kànlélógójì, gbogbo ẹni tó jókòó sórí àga ọkùnrin yìí ló ń sọ pé, "Desmond, bá mi tún un ṣe," kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó ní kó kàn yà á kó fi sílẹ̀.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Àlùmọ́gàjí tó dára jù, èyí tó ń fi pamọ́ fún orí àwọn ọkọ ìyàwó, ló mú bọ̀ nílé. Damson ní tirẹ̀ jẹ́ abo póní tí kì í bá ènìyàn jà. Ó gbé ọrùn kalẹ̀ fún Desmond, ó sì ń tòògbé. Desmond fi ìka yọ ẹ̀gún kúrò, ó fi omi wọ́n irun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó gé gọ̀gọ̀ náà títí kò fi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó gún régé bí etí tábìlì. Ó gẹ irun ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, ó fá abẹ́ àgbọ̀n. Wákàtí méjì gbáko ló fi ṣe é, kò kánjú, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní nígbẹ̀yìngbẹ́yín, iṣẹ́ ọwọ́ òun náà wúlò nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin.

Avril dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ ilé ẹṣin, ó sì dúró.

"Ó dára, àbí?" ni Desmond wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Avril di ilẹ̀kùn mú. Desmond rò pé ìbàdí ló ń ro ó, ó sáré fẹ́ gbà á mú.

"Má fọwọ́ kàn mí. Desmond, kí lo ṣe?"

"O ní kí n tún un ṣe."

"Kó o yà á! Kó o wẹ̀ ẹ́! Ta ló ní kó o gé e? Yéè, Damson mi! Wọ́n ti fá orí rẹ bí ẹlẹ́wọ̀n!"

Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì sunkún bí ọmọdé. Àárín ẹkún yẹn ló ti ń ṣàlàyé òfin irun fún un, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń já sí ìdajì. Desmond ti gbá irun náà jọ sínú àpò kan ní igun, ó wo àpò náà, ó tún wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé kò sí bí a ṣe lè rán an padà?"

Ẹni tí inú ń bí tó bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Màá lọ," ni Avril wí níkẹyìn. "Bó ṣe rí yìí náà ni màá gùn ún lọ. Tí mo bá jókòó sílé lọ́la, ó lè jẹ́ pé mo jókòó títí ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n má bá mi sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Desmond lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé kò ní ṣí. Lọ́jọ́ Sátidé! Àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé ó ti kú ni. Ó wọ iwájú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé Damson, ó jókòó jẹ́ẹ́. Avril kò ní kó sọ̀kalẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé pápá.

Òjò ń wọ́n wínníwínní bó ṣe máa ń ṣe ní oṣù kẹjọ. Òórùn sọ́sééjì tí wọ́n ń dín gba gbogbo ibẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe fa Damson sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu gbogbo èèyàn, àfi Sheila Udale.

"Háà, Ìyá Olófin! Ẹ kú irun tuntun o! Ṣé wọ́n ti gbà á sí iṣẹ́ sójà ni?"

Avril kò dá a lóhùn. Ó gun orí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kọjá gàárì, eyín rẹ̀ pàdé. Ó wọ pápá tẹ̀lé àwọn mẹ́wàá yòókù. Desmond lọ dúró nídìí okùn tí wọ́n fi yí pápá ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, ọkùnrin yẹn kò tíì rí ìyàwó rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Avril tó mọ̀ ni èyí tó ń mí gùlegùle lórí àtẹ̀gùn, tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí bàtà nítorí pé kò lè bẹ̀rẹ̀ dì í. Èyí tó wà lórí ẹṣin yìí kò tiro. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà tọ́ńtọ́, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ìjánu, bó bá ti fẹ́ yà ni Damson ti yà. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú dá ṣe tirẹ̀, ó sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, iná wà lẹ́sẹ̀ póní náà, ẹ̀rín sì wà lójú Avril bíi ti ọmọge. Omi bọ́ lójú Desmond. Ó ronú pé ohun tí òun fi àlùmọ́gàjí bà jẹ́ nìyí.

Adájọ́ ni Ìyáàfin Garnett, ìyá arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ó rìn lọ bá Avril, ó wo irun náà látòkè délẹ̀.

"Láti ọdún méjìdínlógójì tí mo ti ń dájọ́, n kò rí irú èyí rí. Avril, ta ló ṣe é?"

Kálukú ti ń na ọrùn, Sheila ló sì na tirẹ̀ jù. Avril wo apá ibi tí Desmond wà. Ó rí i pé Desmond ti ń gbé okùn sókè láti wọlé.

"Èmi ni, mà," ni Avril pariwo. "Ọwọ́ mi ni mo fi gé e. Mo mọ òfin, mo sì gé e."

Ìyá Olófin! Tó lé Sheila nítorí irun àgbọ̀n! Ẹ̀rín bú jáde yí okùn ká, àwọn kan tiẹ̀ ń ti ara wọn. Etí Avril pọ́n wẹ̀ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé orí sílẹ̀.

"Irọ́ ni, mà!" Desmond ti dé àárín pápá, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èmi ni mo gé e!"

"Ta ni bàbá yìí?" ni Ìyáàfin Garnett béèrè.

"Ọkọ mi ni, mà. Ẹ má dá a lóhùn. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹṣin."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! N kò mọ nǹkan kan!"

Ìyáàfin Garnett fi ìka tọ etí gọ̀gọ̀ náà láti orí dé èjìká. Ó gún dọ́gba, kò sí ẹyọ irun kan tó yọ. Ó wo òòyà tó yọrí nínú àpò ẹ̀wù Desmond.

"Ọdún mélòó lẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yín, ọ̀gá?"

"Mọ́kànlélógójì, mà."

"Ó hàn." Ó yíjú sí Avril. "Ìwọ ṣì sọ pé ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sí ẹni tó gun ẹṣin tó ẹ lónìí. Ká ní irun yìí wà níbẹ̀ ni, ìwọ lo ni pupa. Lọ dúró ní ìsàlẹ̀ pátápátá."

Bẹ́ẹ̀ ni Avril ṣe ipò kọkànlá nínú àwọn mọ́kànlá. Sheila ló gba pupa, ó sì ṣàjèjì pé kò rí ẹnu fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọkọ̀, Desmond gbà á mú sọ̀kalẹ̀. Ìrora ti padà, Avril fara ti ẹ̀gbẹ́ póní náà, ó ń mí.

"Kí ló dé tó o fi purọ́?" ni Desmond bi í. "Wọ́n á fi ẹ́ ṣẹ̀sín títí lọ."

"Èmi? Wọ́n ti ń fi mí ṣẹ̀sín kó o tó mọ̀ mí. Ìwọ ni n kò fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá fi ẹ́ rẹ́rìn-ín lónìí, o ò ní tẹ̀lé mi wá síbí mọ́." Ó nu imú. "Mo sì fẹ́ kó o máa bá mi wá. Inú ń bí mi sí ẹ o, má ṣi mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń sáré yẹn, mo ń wò ẹ́ nídìí okùn. Mo rí i pé ò ń wò mí."

Desmond fọwọ́ kan gọ̀gọ̀ kúkúrú náà.

"Irun yìí, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó hù padà?"

"Tẹsẹ̀, bí ọdún kan. Gọ̀gọ̀, ọdún mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta."

"Kí dókítà máa wò ó lọ. Ọdún mẹ́ta òní, màá gun Damson wọ pápá yìí, wàá sì wà níbẹ̀. Ìwọ lo gé e, ìwọ ni wàá máa yà á. Ojoojúmọ́ ni o. Kì í ṣe òòyà, ìka ni wọ́n ń fi yà á, kó má baà já."

"Lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?"

"Sátidé náà wà níbẹ̀."

Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ lánàá, kò tíì sí ẹni tó dárúkọ ọdún tó ń bọ̀ nínú ilé wọn, ká má tíì sọ ti ọdún mẹ́ta. Desmond ṣírò rẹ̀. Òun yóò ti pé àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì fi pamọ́.

"Fi hàn mí," ó ní.

Avril di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ki ìka rẹ̀ bọ inú ìwọ̀nba irun tó kù lọ́rùn póní náà, ó sì rọra fà á wálẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀, láti ìdí irun dé òpin rẹ̀.