Atẹ́gùn Tútù Láti Inú Sàlẹ́ńsà

Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Lọ́rì Ṣítù Àkàngbé ti fi òsì na ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1956, bí wọ́n ti ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ooru ẹ́ńjìnnì mú Àṣàkẹ́, ìyá Ṣítù, níwájú ọkọ̀ títí ó fi dákú. Ó búra pé òun kò tún wọ lọ́rì mọ́. Àfi bí Kíkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ṣe ránṣẹ́ láti ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ara òun kò yá, òun fẹ́ fojú kan àbúrò òun.

Mínírà tútù ni Ìyá ń tà ní Ìpọ̀nrí. Fíríìjì oníkẹrosíìnì rẹ̀ àtijọ́ ti dípẹtà, àmọ́ àwọn páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì pé. Ṣítù ronú: bí àtùpà kékeré abẹ́ fíríìjì bá lè mú mínírà tutù, iná tí sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín ọkọ̀, ń tú dànù ńkọ́? Ó kó páìpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ní Jíbówú, ó jó ìdí wọn mọ́ sàlẹ́ńsà, ó gbé ibi tó ń tutù síwájú ọkọ̀, kí atẹ́gùn máa gbabẹ̀ wọlé.

Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣàfíù, iná lẹ fẹ́ fi lé ooru? Ẹ kúkú fi epo pa iná!"

"Ìwọ ṣáà máa ṣe àmín."

Ìyá gbà kí wọ́n dán an wò dé Àgùdà. "Bí mo bá làágùn, mo sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. N kò lọ mọ́."

Bísímílà, wọ́n gbéra lọ́sàn-án gangan. Ṣítù ń sáré àsápajúdé. Lójú tirẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe gbóná tó ni Ìyá yóò ṣe tutù tó. Ni òógùn bá bo Ìyá. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Dúró, kí n sọ̀."

Ṣítù tẹ bíréèkì. Kó tó rí ibi yà sí, agbo màlúù dí ọ̀nà, ó sì di dandan kó máa wọ́ tẹ̀lé wọn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí. Nígbà tó yá, atẹ́gùn kan fẹ́ sí Ìyá lẹ́sẹ̀, ó tutù bí ìrì òwúrọ̀. Ìyá fa ìborùn bo èjìká, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tí mo fi owó mínírà tọ́! Ṣé o kò rí i bí mo ṣe máa ń rẹ iná fíríìjì sílẹ̀ ni? Bó bá ti pọ̀ jù, kì í tutù."

"Ìyá, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí."

Ìyá fọwọ́ pa á lórí. "Àkàngbé ọkọ mi, ọmọ Ajílété, a-fi-iná-fẹ́-ìyá-bí-abẹ̀bẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà fẹ́ atẹ́gùn sí ọ. Bá a bá ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́la, jọ̀ọ́, má sáré."