Ìdánwò Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì

“Ẹ dìde, mà. Orí ìdúró la ti ń ṣe ìdánwò yìí.”

Irọ́ ni olùdánwò pa. Gbogbo àwọn tó ti wọlé láàárọ̀ ló jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nọ́ọ̀sì dìde, ó di báàgì rẹ̀ mú.

Ọdún méje ni olùdánwò ti ń retí ọjọ́ òní. Agbálẹ̀ ni nígbà náà, ní wọ́ọ̀dù ọ̀gá nọ́ọ̀sì yìí. Ìyá ọlọ́mọ kan ò gbọ́ èdè ìjọba tí wọ́n fi júwe oògùn fún un. Agbálẹ̀ bá fi èdè ìgboro là á yé e, èdè tí àwọn baba ńlá wọn, oríṣiríṣi ẹ̀yà tí ò gbọ́ra wọn yé, hun pọ̀ ní èbúté. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì gé pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ agbálẹ̀ lẹ́nu.

“Ọjà ni wọ́n ti ń la irú ẹnu yẹn, kì í ṣe wọ́ọ̀dù mi.”

Bẹ́ẹ̀ ló gbálẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn aláìsàn ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìjọba ti wá ṣòfin báyìí pé ẹni tí ò bá lè fi èdè ìgboro bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ò ní di olórí ilé ìwòsàn. Ta ni wọ́n fi ṣe olùdánwò? Agbálẹ̀ àná.

“Èmi ni ìyá ọlọ́mọ,” ló wí. “Ibà ń ṣe ọmọ mi. Ẹ júwe oògùn fún mi.” Ó ti gbé bírò síbi tí yóò kọ òdo sí.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Èdè ìgboro ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí òróró. Ó rẹ ìyá lẹ́kún, ó fi ọmọ dápàárá, ó ní kí ìyá ka iye ṣíbí padà fún òun. Èyí kì í ṣe èdè inú ìwé.

“Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?”

“Lẹ́yìn ìyá mi.” Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. “Agbálẹ̀ lòun náà. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò mọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ẹ fún mi ní àádọ́ta péré, kí n sáà yege.”

Olùdánwò ronú. Òdo? Obìnrin yìí á lọ máa fọ́nnu pé òun ò gbọ́ èdè àwọn mẹ̀kúnnù. Ó kọ ọgọ́rùn-ún gbáko. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: “Ọmọ elédè ni. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.” Ó mú ìwé náà, ó kọjú sí pátákó tí wọ́n ń lẹ èsì mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ sí.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dì í lápá mú, ó ń fi èdè ìgboro bẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀ sí i, mà,” ni olùdánwò wí, ó sì ṣílẹ̀kùn.