Sẹ́nétọ̀ Fenlow Dúró De Aago Méjìlá

Ẹ ti fura pé ọkùnrin tó bá lè dúró sọ̀rọ̀ láti ìdájí títí oòrùn fi ń lọ sí àtàrí, kì í ṣe nítorí aráàlú nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Sẹ́nétọ̀ Cyrus Fenlow fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ bí ìyàwó tuntun ṣe ń fẹ́ràn dígí.

Ìwé àwọn tó ń ta irúgbìn ló ń kà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà létí láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta yìí, ní Washington.

“Tòmátì pupa ńlá,” ni ó ń wí. “Ẹ má gbìn ín títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ nílé yẹn ló ni ín, àfi tó bá jókòó. Tí aago méjìlá bá sì lù, ìgbìmọ̀ ti túká, Ààrẹ tuntun yóò búra, àbádòfin tí wọn ò tíì dìbò lé á kú sọ́wọ́ wọn.

Ọ̀kan nínú àbádòfin wọ̀nyí ni Fenlow fẹ́ pa. Wọ́n fẹ́ fi dí odò Wickett, omi yóò sì bo ọ̀ọ́dúnrún ilé ní àfonífojì tí wọ́n bí i sí. Hester Crail, opó tó ní oko ápù níbẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú irin fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé orí pẹpẹ òkè tó wà fún àwọn òǹwòran, níbi tó jókòó sí, àpò lórí itan. Ààrẹ tó ń lọ wà ní yàrá kejì, gègé lọ́wọ́, ó ń dúró de ohun tí yóò fọwọ́ sí.

“Baba onírúgbìn!” Sẹ́nétọ̀ Mabry, tó fẹ́ kí wọ́n dí odò náà, pariwo. “Ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n o! Ẹ jókòó!”

“Ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ẹnu ò gbọ̀n.”

Orrin Beckwith, ọ̀rẹ́ Fenlow, tó ti lo ààyè ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, gbé omi fún un. Ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. “Jọ̀ọ́, ṣáà máa kà. Kà á dé orí àlùbọ́sà.”

“Àlùbọ́sà kẹ̀? Ṣé àlùbọ́sà ni kí àwọn oníwèé ìròyìn bá lẹ́nu mi? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ gbólóhùn ìparí mi, Orrin.”

Àwọn oníwèé ìròyìn wà lókè níwájú rẹ̀. Láti ìdájí, kò wẹ̀yìn rí. Ta ni í kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó fẹ́ ya àwòrán òun? Ó yọ aago góòlù rẹ̀ lápò. Méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì. Ó ju ìwé irúgbìn sílẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè.

“Àwọn tó kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí,” ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, “omi kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ènìyàn ni!”

Àtẹ́wọ́ ta lókè. Ó tún yọjú wo aago góòlù rẹ̀. Méjìlá géérégé. Ó ká ìrù kóòtù rẹ̀ sókè, ó sì jókòó bí ọba.

Igbákejì Ààrẹ, tó ń darí ìjókòó, wo ọ̀ọ́kán kọjá orí rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ àbádòfin yìí ńkọ́?”

“A fara mọ́ ọn!” Ilé mì tìtì.

Fenlow fò dìde. “Irú kí lèyí? Aago méjìlá ti lù!”

Igbákejì Ààrẹ ò bá a jiyàn. Òòlù ọwọ́ rẹ̀ ló nà sí òkè ilẹ̀kùn, lẹ́yìn Fenlow. Fenlow wẹ̀yìn.

Dobbs, àgbà olùṣọ́nà, ń sọ ọ̀pá gígùn kan kalẹ̀ lára aago ilé. Gbogbo ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ túká ni wọ́n máa ń ti ọwọ́ aago náà sẹ́yìn kí iṣẹ́ lè parí, wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Fenlow. Ó mọ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó wà lára àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló wà lójú aago ilé náà, ilé náà ò sì mọ aago mìíràn.

Beckwith fọwọ́ bojú. Ẹnìkan ti ń sáré gbé àbádòfin náà lọ bá Ààrẹ ní yàrá kejì.

Hester Crail tẹ̀ síwájú lórí pẹpẹ. “Sẹ́nétọ̀, ẹ ò wá lè kà díẹ̀ sí i ni?”

“Ohùn mi ti há, Ìyáàfin Crail.”

Ó sọ ọ́ ketekete, gbogbo ilé sì gbọ́.