Ẹ́ńjìn Tó Ń Gbọ̀n

Saifudeen pa ẹ́ńjìn, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì gbé e lé Leah lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè wa ọkọ̀ yìí dé Ìbàdàn."

Iṣu kún ọkọ̀ akẹ́rù náà dé òkè. Láti oko Ìrẹsà ni Saifudeen ti kó o wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lówùúrọ̀ yẹn, wọ́n ti fi tapólì bò ó, wọ́n sì ti fi okùn dì í. Ẹni tó fẹ́ rà á ń retí wọn ní Ìbàdàn. Leah wo awakọ̀ náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé ni ọmọkùnrin yìí ti ń wa ọkọ̀ náà, kò sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń gbọ̀n, Màmá. Kì í ṣe bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ o. Tí mo bá ti ní kí n sáré díẹ̀, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú."

Jayéọlá, àbúrò ọkọ Leah, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Òun ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rà á. Kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìn rẹ̀ rí.

"Ṣèbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rọ́bà tí ẹ́ńjìn jókòó lé ni? Kí ló tún wá kù tó ń gbọ̀n?"

"Ọ̀gá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́. Kò yí nǹkan kan padà."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ báyìí? Sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ọ̀nà ló ń bà ọ́."

Leah mọ̀ pé bí òun bá gba ti awakọ̀, gbogbo agboolé ni yóò gbọ́ pé ìyàwó ilé ti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe olórí lé ọmọ baálé lórí. Bí òun bá sì gba ti Jayéọlá, ẹ̀mí èèyàn ni òun ń fi tafàlà yẹn.

"Ọkọ mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká tún un wò kó tó gbéra."

"Kí la tún fẹ́ wò? Ìyàwó wa, mú kọ́kọ́rọ́ wá. Èmi fúnra mi ni màá wà á. Tá a bá ti dé Ìbàdàn láyọ̀, kí ọ̀gbẹ́ni yìí wáṣẹ́ síbòmíràn."

Leah na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mò ń bá yín lọ. Saifudeen náà ń bọ̀."

Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tóóró, àwọn tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí Jayéọlá ń rọra lọ, ńṣe ló dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àmọ́ bó bá ti fi kún eré, gbígbọ̀n náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọ inú egungun Leah, títí eyín rẹ̀ á fi máa lu ara wọn. Jígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Jayéọlá ń wo iwájú, ó dijú mágbárí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Ọ̀yọ́, wọ́n gbọ́ "pàù!" nísàlẹ̀.

"Bẹ́líìtì ló já," Saifudeen wí.

"Mo gbọ́. Ọ̀yọ́ ò jìnnà mọ́."

Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìn hàn ti ń gòkè. Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, bọ́ọ̀sì tó kún fún èrò sì wà níwájú wọn. Irin kan ń lu irin nínú ẹ́ńjìn, kọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀.

"Ọkọ mi, ẹ dúró."

Ó ń wa ọkọ̀ lọ.

"Jayéọlá! Dúró!"

Láti ọjọ́ tí Leah ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ ọkùnrin náà rí. Jayéọlá yíjú wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà, ó tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ó sì ya ọkọ̀ sínú koríko. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà ti lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ọkọ̀ mìíràn ló wọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Kareem ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ ńláńlá ni Kareem máa ń tún ṣe, kò sì lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó wọ abẹ́ iwájú ọkọ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan gbọọrọ sára irin róbótó tó wà níwájú ẹ́ńjìn, láti àárín dé etí. Ó ní kí Saifudeen tan ẹ́ńjìn díẹ̀, kó sì pa á. Nígbà tí wọ́n wò ó, ìlà náà ti gé sí méjì. Ìdajì rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀.

"Dámpà rẹ̀ ló ti kú," Kareem wí. "Rọ́bà ló wà láàárín irin inú àti irin ìta yìí. Òun ló ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìn mọ́ra. Rọ́bà ti jẹ tán, irin ìta wá ń dá yí fúnra rẹ̀. Òun ló gé bẹ́líìtì yín."

Jayéọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ mi irin náà. Ó mì lóòótọ́.

"Ká jó irin méjèèjì pọ̀," ó wí. "Wẹ́dà ò jìnnà síbí. Ọkọ̀ á gbéra lónìí."

"A lè jó o. Kò ní yí mọ́, ṣùgbọ́n kò ní gba gbígbọ̀n kankan mọ́ra mọ́. Kráńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìn, ni gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí lára. Ọjọ́ tí ìyẹn bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ ìyókù."

"Ẹ bá wa wá òmíràn," Leah wí.

"Màmá, ó lè di ọ̀la o. Látìgbà tí ìjọba ti gbé ètò Sáàpù dé, tí ọjà òkèèrè ti wọ́n gógó, ojúlówó ò wọ́pọ̀. Àfi ká bi Ràmọ́tà tó ń ta pátì ọkọ̀."

"Kó di ọ̀la. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu lè ra ti ẹlòmíràn."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Leah sùn sílé ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kan. Àwọn ọkùnrin méjèèjì sùn sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ara wọn, bí wọn ò tilẹ̀ fẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, dámpà dé. Wọ́n tú fáànù, wọ́n gbé rédíétọ̀ kúrò, wọ́n sì fa ògbólógbòó irin náà yọ pẹ̀lú làálàá. Bó ṣe ń jáde ni rọ́bà rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Kareem tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu kráńkì, ó ń fi ìka tọ ọ́ yíká bóyá ó ti sán.

"Kò sán," Kareem wí nígbẹ̀yìn. "Ọlọ́run ló yọ yín."

Ṣùgbọ́n tuntun náà ò fẹ́ wọlé. Kó tó di pé Kareem nu ọwọ́ tán, Jayéọlá ti gbé òòlù sókè.

"Ẹ má lù ú!" Kareem di apá rẹ̀ mú. "Ẹ máa bà á jẹ́, ẹ máa ba kráńkì jẹ́."

"Fi mí sílẹ̀!" Ohùn Jayéọlá ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi fi ọkọ̀ yìí lé mi lọ́wọ́ ni. Tí ẹlòmíràn bá wá ń tú u, kí ni èmi wá wà fún?"

Leah sún mọ́ ọn. "Ọkọ̀ nìkan kọ́ ló fi lé yín lọ́wọ́, ọkọ mi. Ó fi èmi náà lé yín lọ́wọ́. Ó fi Saifudeen lé yín lọ́wọ́."

Apá Jayéọlá rọ̀. Ó gbé òòlù náà sílẹ̀. Kareem na sípánà sí i. "Ẹ wá bá mi fi bóòtù fà á wọlé. Ẹ yí èyí díẹ̀, kẹ́ ẹ yí ìyẹn díẹ̀. Ẹ má kánjú." Jayéọlá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń yí bóòtù kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, títí irin náà fi jókòó dáadáa.

Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ padà tí Saifudeen tan ẹ́ńjìn, tó sì tẹ̀ ẹ́ gidi, jígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Jayéọlá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ́ńjìn, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Kí Saifudeen máa gbé yín lọ," ó wí láìwo ojú ẹnì kankan. "Èmi á wọ mọ́tò padà sílé."

Leah ti jókòó níwájú ọkọ̀. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá dá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, kò tún ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́ láé.

"Ọkọ mi, Ìbàdàn ṣì jìnnà," ó wí. "Tí nǹkan bá ṣe é lọ́nà, ta ló máa bá wa wò ó?"

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ Saifudeen, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Jayéọlá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gbé àpò rẹ̀ sókè síwájú Leah, ó sì gòkè.