Èémí Garba Alálùgáítà

Ọdún kẹtàdínlógójì rèé tí mo ti wà ní Kùmásì, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ giramafóònù níbikíbi, ọjà Ìpàtà nílùú wa ni ọkàn mi ń lọ, sí yàrá kékeré tí a ti gba ohùn Garba sílẹ̀.

Garba ló ń fọn àlùgáítà, fèrè tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni wú bí igbá. Mọ́rúfù ń lu bẹ̀ǹbẹ́, èmi ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́ta péré. Eyín iwájú Garba ti ń mì nígbà náà. Bí wọ́n bá yọ, fèrè parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, nígbà tí Hàrúnà, ọmọ ìlú wa tó ń bá àwọn onígiramafóònù ṣiṣẹ́ l'Ékòó, gbé ẹ̀rọ wá gba orin wa.

Nínú àwọn àwo ìda tó gbé wá láti gba ohùn sí, méjì péré ni kò fọ́ nínú reluwé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Hàrúnà yí ẹ̀rọ. Garba fi fèrè kí Ẹmíà, ó kí àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kí àwọn àlùfáà, ó kí baba Hàrúnà pàápàá. Ẹ̀rọ dúró.

"Bàbá, ó ti kún," Hàrúnà ní.

"Kí ló kún? Orin ò tíì bẹ̀rẹ̀! Ìkíni ni mo ṣì ń kí."

"Ìyá ìyàwó Hàrúnà nìkan lẹ ò kí," Mọ́rúfù ní.

"Ó ku àwo kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìkíni," Hàrúnà bẹ̀ ẹ́.

"Kí n bọ́ sórin láìkí Ẹmíà? Wallahi, wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé!" Ó ti ń fi aṣọ wé fèrè.

Lami, ìyàwó rẹ̀, tó gbé fúrá wá fún wa mu, bú sẹ́rìn-ín. "Baba Asabe, ẹ kí wọn tán níta, kí ẹ fọn ọ́n wọlé. Bí èémí ò bá ti já, ṣé ìkíni àti orin kì í ṣe ọ̀kan náà?"

Garba tú aṣọ kúrò lára fèrè. "Báwo ni èmi ò ṣe ro ìyẹn?"

"Ebi ló ń pa yín."

A jáde. Garba kọjú sí ààfin, ó kí gbogbo wọn látòkèdélẹ̀. Imú ló fi ń fa atẹ́gùn, ẹnu ò dákẹ́. Oníṣu àti aláta yí wa ká. A ń fi ẹ̀yìn rìn wọlé díẹ̀díẹ̀, mo tẹ Mọ́rúfù lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bú mi láìdá ìlù dúró. Bí Garba ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ló bọ́ sínú orin, Hàrúnà sì yí ẹ̀rọ.

"Ó wọlé, Bàbá! Gbogbo rẹ̀ ló wọlé!"

Garba ṣì ń fọn ọ́n, ó ti ń padà síta lọ dágbére fún Ẹmíà.