Ọmọ Lórí Òṣùwọ̀n

Ẹ máa mu gàrí yín lọ, ẹ ṣáà máa gbọ́ mi. Àlá tí mo lá lóru àná, bí mo bá jẹ́ kí ọ̀sán pọ́n kí n tó rọ́ ọ, n ó gbàgbé ìdajì rẹ̀. Kí ẹnì kankan má sì sọ pé ẹ̀wà ni mo jẹ sùn. Omi lásán ni mo mu. Ẹ kúkú mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Jayéọlá, àbíkẹ́yìn mi, ń lọ sí òkè òkun lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo àdúgbò ti wá bá mi yọ̀, èmi náà sì ń bá yín rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Bí èyí náà bá lọ, ó ku èmi àti ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Inú mi kò dùn sí i rárá, n kò sì tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún un.

Nínú àlá náà, mo fẹ́ pọn omi nínú kànga, ni korobá bá ní kí n má tíì pọn ohunkóhun, wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì. Mo bi í pé ọ́fíìsì wo. Ó ní èyí tí wọ́n ti ń wo iye ọmọ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bí àti iye òkú tí wọ́n sin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ korobá, mo wé gèlè mi.

Ojú òfurufú ni ọ́fíìsì náà wà. Okùn ewúrẹ́ mi ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò iwájú ilé, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo gun okùn náà dé òkè. Orúnkún tó ń dà mí láàmú yìí kò tilẹ̀ dún.

Àwọn orílẹ̀-èdè ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Orílẹ̀-èdè Olótùútù ló wà níwájú mi. Bàbá arúgbó kan ni, ó wọ kóòtù léra wọn, ó gbé bẹ́ẹ̀dì ìkókó kan tó rẹwà dání. Mo yọjú kí n lè ṣàdúrà fún ọmọ inú rẹ̀, ajá ni mo bá níbẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo ṣàdúrà fún ajá náà, mo ní yóò dàgbà, yóò dogbó. Ni bẹ́ẹ̀dì bá bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kan òun, òun kò gbọ́ igbe ọmọ tuntun rí. Bàbá ní kí n má dá a lóhùn. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí àwọn ráyè bímọ, oògùn ni kò sì jẹ́ kí àwọn ráyè kú.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, tí táì rẹ̀ gùn dé orúnkún, wá pe orílẹ̀-èdè tiwa. Ọkùnrin sánra kan dìde, ó dé fìlà lé fìlà. Ọ̀gá bi í pé mélòó ni wọ́n. Àwọn fìlà rẹ̀ ló ń dáhùn. Fìlà kọ̀ọ̀kan ní kí èkejì kọ́kọ́ sọ iye tirẹ̀, kí òun lè fi díẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, wọ́n ti ń ka igi, wọ́n ti ń ka òkúta mọ́ ènìyàn. Bàbá Ògúnṣakin, aládùúgbò wa tó ti kú, wà ní ìdí fèrèsé. Mo kí i, mo ní ṣé kò tíì sinmi ni. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ ka ènìyàn ni wọ́n ń wá jí òun.

Ó wá kàn mí. Ọ̀gá ní, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Mo ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní Olúwa fún mi lọ́mọ, ó parí. Ọ̀gá kò bínú. Ó ní ohun tí kò bá ṣeé kà, yóò ṣeé wọ̀n, ni wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n jáde.

Wọ́n kọ́kọ́ wọn àwọn tó ti kú. Ti Olótùútù, ọ̀pá ìtilẹ̀ ni, rẹpẹtẹ. Tiwa, bàtà ọmọdé ni. Bàtà pupa kan wà láàárín wọn tí mo dá mọ̀. Èmi ni mo rà á fún Oyèpéjú ọmọ mi kí èéyi tó mú un lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìdí tí n kì í fi í ka ọmọ gan-an nìyẹn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo máa dé orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn alààyè. Adétòún ọmọ mi ti wà nínú àwo Olótùútù lórí òṣùwọ̀n, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń wẹ̀ fún bàbá arúgbó. Gbádégẹṣin, ọmọ mi ọkùnrin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ bẹ́ẹ̀dì lẹ́kún. Nínú àwo tèmi, fóònù kan ló wà, ó ń sọ pé, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo máa pè yín padà." Ẹsẹ̀ Jayéọlá kan wà nínú àwo tèmi, èkejì wà nínú tọ̀hún.

Òṣùwọ̀n ní, "Màmá, apá tiyín fúyẹ́ o."

Mo ní kò yẹ kó fúyẹ́, èmi ni mo rù wọ́n. Bàbá Olótùútù dìde, ó tẹríba fún mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ lóyún wọn, ẹ tọ́ wọn, ẹ rán wọn nílé ìwé, ẹ wá kó wọn fún wa nígbà tí wọ́n dàgbà tán." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo wo ọkùnrin onífìlà kó bá mi dá a lóhùn, ó ti sùn lọ. Fìlà kan lórí rẹ̀ ní kí n má dààmú, a óò bí òmíràn.

Mo yíjú sí ọ̀gá. Bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n yọ, ìwo yọ, ó di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó ti ń jẹ ìwé gbogbo iye ènìyàn àgbáyé, tiwa ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀, ó ní bí mo bá fẹ́ mú Jayéọlá lọ sílé, kí n ka àwọn ọmọ mi sókè, kí n má sì fo ẹnì kankan. Mo la ẹnu. Oyèpéjú ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àkọ́bí. Igbe ewúrẹ́ ló jáde lẹ́nu mi.

Igbe náà ló jí mi. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni, ebi ń pa á, ilẹ̀ sì ti mọ́. Mo bọ́ sí pálọ̀, mo bá Jayéọlá tó fi ìwọ̀n kékeré gbé báàgì rẹ̀ sókè, ó ń làágùn.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Báàgì yìí ti wúwo jù, wọn ò ní gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Kí ni ká yọ níbẹ̀?"

Mo wo báàgì. Mo wo òun náà.

Mo ní, "Ìwọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú báàgì, ó yọ gàrí síta.

Gàrí náà lẹ ń mu yẹn. Ẹ fi ṣúgà sí i, ó kan díẹ̀.